Mò ń mú màámi lọ wo àwọn ọmọ ogun amọ̀ ní Xi'an, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alájàpá_Ìlọrin

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà ló máa ń gbé mi lọ Guangzhou ní Ṣáínà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ, àmọ́ mi ò kọjá Guangzhou rí. Lọ́tẹ̀ yìí màámi fẹ́ bá mi lọ. Amọ̀kòkò ni wọ́n, ní Dàda níbí, ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn ò sì ṣe iṣẹ́ mìíì rí. Lọ́dún tó kọjá wọ́n rí àwọn ọmọ ogun amọ̀ ti Ṣáínà yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n bá pariwo pè mí wá sí pálọ̀, wọ́n ní "Wá wo nǹkan, ta ló sun amọ̀ tó tóbi tó báyìí tí kò là?" Látọjọ́ náà wọn ò jẹ́ n sinmi, bí mo bá ti dárúkọ Ṣáínà báyìí wọ́n á ní ṣé màá yà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun yẹn. Físà wọn ti jáde báyìí. Ọjọ́ méjì péré la ní ní Xi'an, ẹni ọdún 67 ni wọ́n, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Báwo la ṣe máa débẹ̀, kí ni ká kọ́kọ́ wò, kí ni ká ṣọ́ra fún? Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Xian

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ìmúra o. Xi'an ni mo ti ń kàwé, ọdún kẹta mi rèé, gbogbo Yorùbá tó bá ti gba ibí kọjá èmi ni wọ́n máa ń ní kí n mú àwọn lọ, torí náà mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mọ ọ̀nà ilé.

Àkọ́kọ́, ibẹ̀ ò sí láàárín ìlú o. Lintong ló wà, lápá ìlà-oòrùn, ó máa ń tó wákàtí kan kéèyàn tó débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà, Line 9, ẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Huaqingchi kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún màámi, táksí ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ fi fóònù pè é láti òtẹ́ẹ̀lì. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, èyí gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání o, kì í ṣe fọ́tókọ́pì. 120 yuan ni tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á sílẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní Guangzhou, torí tí ọlidé wọn bá bọ́ sí i, ẹ lè débẹ̀ kó ti tán. Láti géètì dé ibi àwọn kòtò mẹ́ta tí àwọn ère náà wà, ìrìn ni, ọkọ̀ kékeré oníná kan wà tó máa ń gbé èèyàn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù rèé. Ẹnikẹ́ni tó bá dá yín dúró níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ní òun máa gbé yín lọ ní owó pọ́ọ́kú, ẹ má dá a lóhùn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, awakọ̀ kan gbé èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ síbì kan tí wọ́n to ère sí bẹẹrẹ, a ń ya fọ́tò, inú wa ń dùn, ìgbà tí mo wá fọwọ́ kan ọ̀kan ni mo rí i pé sìmẹ́ńtì ni, àwọ̀ ara ẹ̀ ń ràn mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ọjọ́ ti lọ, a ò lè dé ibi gidi mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe tìtorí owó, torí pé mo ti pe ìyá mi sórí fóònù pé kí wọ́n wá wò ó.

Ṣèyí_Ṣàgámù

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o, mo gbọ́ ọ pé èèyàn gidi ni wọ́n fi amọ̀ bò, pé ọmọ ogun ọba yẹn gan-an ló wà nínú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má gbé ìyá wa lọ síbẹ̀.

Àdùkẹ́_Amọ̀

Ṣèyí, kò sóòótọ́ níbẹ̀. Inú àwọn ère yẹn ṣófo. Nígbà tí wọ́n hú wọn jáde ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí inú wọn kedere, kò séegun kankan níbẹ̀.

Àmọ́ èèyàn kú níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ni. Lápá ìwọ̀-oòrùn sàréè ọba, wọ́n rí ibi tí wọ́n sin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sí, wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó kọ orúkọ àwọn kan àti ìlú tí wọ́n ti wá sára àfọ́kù páànù amọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́lé, wọ́n sì sin ín tì wọ́n. Tí mo bá ń rántí ìyẹn ara mi máa ń bù.

Ẹ̀gbọ́n Alájàpá, iṣẹ́ amọ̀ ni mo kọ́ nílé ìwé, mo ti ka nípa àwọn ère yìí gan-an. Màá padà wá kọ ohun tí ojú amọ̀kòkò lè wá lọ síbẹ̀, ẹ fún mi láàyè, mo fẹ́ gbé oúnjẹ sílẹ̀ fáwọn ọmọ.

Tísà_Ìtàn

Kí Àdùkẹ́ tó dé, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ibẹ̀ díẹ̀ kí màámi lè mọ sàréè ẹni tí wọ́n ń lọ.

Qin Shi Huang lorúkọ ọba náà. Ọmọ ọdún 13 ló gorí oyè ní ilẹ̀ Qin, ọdún 246 kí wọ́n tó bí Jésù. Ìjọba méje ló ń bá ara wọn fà á nígbà yẹn, ó ṣẹ́gun mẹ́fà tó kù tán ní ọdún 221, ló bá di ọba kan ṣoṣo lórí gbogbo ẹ̀. Ó kú ní 210. Ọ̀gbẹ́ni Sima Qian tó kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn ní wọ́n kó èèyàn 700,000 jọ síbi iṣẹ́ náà, ó ní wọ́n fi mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ṣe odò sínú sàréè ọ̀hún, pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ inú ẹ̀, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ wọn síbẹ̀. Àmọ́ kò dárúkọ ọmọ ogun amọ̀ kankan. Torí náà ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé wọ́n wà ńbẹ̀.

Ó di oṣù kẹta ọdún 1974. Ọ̀dá dá, àwọn àgbẹ̀ kan ń gbẹ́ kànga, ni ṣọ́bìrì bá kan orí amọ̀. Wọ́n rí àfọ́kù, wọ́n rí orí ọfà tí wọ́n fi idẹ ṣe, àwọn kan lára wọn rò pé òrìṣà ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhao Kangmin ló ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù kékeré tó wà ní Lintong, ó gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ó ṣa àwọn àfọ́kù yẹn jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n mọ́ra ní ẹyọ ẹyọ títí tí ọmọ ogun àkọ́kọ́ fi nàró. Èmi ò mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ibi tí kànga yẹn wà tẹ́ ẹ bá dé kòtò kìíní, wọ́n sàmì sí i, níwájú ni.

Wọ́n ṣí ibẹ̀ fáráyé ní ọdún 1979, UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 1987. Sàréè ọba fúnra ẹ̀, tó jìnnà sí àwọn kòtò náà ní bíi kìlómítà kan àbọ̀, wọn ò tíì ṣí i. Wọ́n ti yẹ iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ wò, mákúrì inú ẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan tún wà. Afinimọ̀nà máa sọ fún yín pé àwọn ará Qin ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi irin kan tó ń jẹ́ krómíọ̀mù kun idà kó má dípẹtà. Wọ́n ti padà yẹ̀ ẹ́ wò, ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé inú oje igi tí wọ́n fi kun àwọn ère àtàwọn igi ọwọ́ nǹkan ìjà ni krómíọ̀mù yẹn ti wá.

Wúrà_Liverpool

Èmi ò dé Ṣáínà o, àmọ́ wọ́n kó díẹ̀ wá sí Liverpool níbí ní ọdún 2018, mo sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ère náà ò pọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rí wọn dáadáa. Mo dúró síwájú ọ̀kan, mo rí ìlà irun orí ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ìyàrun yà á, irun náà wà ní dídì, wọ́n wá so ó sápá kan orí. Àwọn tó ń ṣèwádìí fi fọ́tò ṣe ìwọ̀n etí àwọn kan lára wọn, kò sí ọmọ ogun méjì tí etí wọn bára mu.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan. Ní Philadelphia, ní December 2017, ẹnì kan gba ibi pátì yọ́ wọ ibi tí wọ́n to àwọn ère yìí sí, ó gbá ọ̀kan mọ́ra ya fọ́tò, ó ṣẹ́ àtàǹpàkò ẹ̀ kúrò, ó gbé e lọ sílé! Ohun tó ti wà nílẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé. Inú bí mi bí ẹni pé ti bàbá mi ni.

Àdùkẹ́_Amọ̀

Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ibí yìí sétí màámi.

Ẹ sọ fún wọn pé bí àwọn ṣe ń ro amọ̀ bí okùn tí wọ́n ń ká a lé orí ara wọn, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, bí wọ́n ṣe mọ àyà àti ikùn àwọn ọmọ ogun yẹn náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ ò ṣófo ní tiẹ̀, amọ̀ tó ki ni, torí òun ló máa gbé gbogbo ẹrù tó kù. Wọ́n á mọ ẹsẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó le díẹ̀, kí wọ́n tó máa ká ara lé e. Orí àti ọwọ́, lọ́tọ̀ ni wọ́n mọ wọ́n, wọ́n á wá ki ọwọ́ bọ ẹnu apá ẹ̀wù. Fún orí, wọ́n ní mọ́ọ̀dù díẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e jáde, apá iwájú àti apá ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi amọ̀ lẹ imú, lẹ irùngbọ̀n, họ ìpéǹpéjú, ibẹ̀ ni ojú kálukú ti wá yàtọ̀. Wọ́n sun ún nínú ààrò tí ooru ẹ̀ tó 900 sí 1,000 digírì. Iná orí ilẹ̀ tí màámi ń lò kì í sábàá gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí kò fi là? Atẹ́gùn ráyè jáde. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ikùn àwọn ẹṣin, wọ́n máa rí ihò róbótó kan. Màámi máa mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó sọ.

Ohun kejì, ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ di ìkúùkù sófo. Ọ̀kọ̀ àti ọrun gidi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igi ẹ̀ ti jẹrà, idẹ ẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ̀yìn ikú ọba yẹn ni ọ̀tẹ̀ bẹ́, òrùlé igi tó wà lórí kòtò jóná, ó wó lù wọ́n mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi fọ́.

Ẹ̀kẹta, àwọ̀. Ẹlẹ́rùpẹ̀ kọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o! Pupa, àwọ̀ ewéko, búlúù, àti àwọ̀ àlùkò kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn po. Wọ́n kọ́kọ́ fi oje igi kun amọ̀ náà kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e, ẹ sọ fún màámi pé ó dà bí omi èèpo irúgbá tí wọ́n ń wọ́n sára ìkòkò tó gbóná ní Dàda, iṣẹ́ kan náà kọ́, àmọ́ wọ́n á lóye ẹ̀. Oje yẹn ló ṣe jàǹbá. Ó ti wà nínú ilẹ̀ tó tutù láti ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, tí wọ́n bá ti hú ère jáde, tí atẹ́gùn Xi'an tó gbẹ fẹ́ sí i, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ló ti súnkì, á ká kò, á ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà, á sì gbé ọ̀dà lọ. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n hú nígbà àkọ́kọ́, ojú wọn ni àwọ̀ ṣe ṣí. Wọ́n bá àwọn ará Jámánì pawọ́ pọ̀, wọ́n wá oògùn kan tí wọ́n ń fi pa á kó má bàa gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí kan nìyí tí wọn ò fi kánjú hú àwọn tó kù. Wọ́n fojú bù ú pé bíi 8,000 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni orúkọ. Wọ́n tẹ orúkọ àwọn ọ̀gá amọ̀kòkò tàbí kí wọ́n họ ọ́ sára ère, níbi tójú ò ti ní tètè rí i, orúkọ èèyàn tí wọ́n ti rí lé ní 80. Àwọn kan fi "Gong" síwájú, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ ààfin ni wọ́n ti wá, àwọn mìíì fi orúkọ ìlú wọn síwájú, bíi Xianyang. Kí ìjọba lè mọ ẹni tí wọ́n máa mú tí iṣẹ́ ò bá dáa ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́. Síbẹ̀ orúkọ wọn wà níbẹ̀ dòní, a lè pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́_Xian

Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lọ, mi ò mọ̀ nípa ihò ẹṣin yẹn.

Ní ti ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀, èmi máa ń ní kí wọ́n ti kòtò kẹta bẹ̀rẹ̀, torí ó kéré, ère 68 ni wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n wá bọ́ sí kejì, kí wọ́n fi kìíní parí ẹ̀, torí òun ló tóbi jù, ó gùn tó 230 mítà, àwọn ère ibẹ̀ á tó 6,000 tí wọ́n bá hú gbogbo ẹ̀ tán.

Ìyá_Ìbejì_Shanghai

Àbúrò, mi ò fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́ ni, kò burú. Àgbàlagbà tórúnkún ń dùn, agbára òwúrọ̀ ni agbára ẹ̀, tí wọ́n bá fi máa dé kòtò kìíní èrò á ti kún fọ́fọ́, wọ́n á máa tì wọ́n síwá sẹ́yìn, wọn ò ní rí ju ẹ̀yìn orí èèyàn lọ. Ẹni tó jẹ́ amọ̀kòkò, kòtò kejì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ní géètì ṣíṣí. Inú gíláàsì ni wọ́n gbé márùn-ún sí níbẹ̀, èèyàn lè sún mọ́ ọn débi tí èémí ẹ̀ máa bo gíláàsì: ọ̀gágun kan tó ga tó mítà méjì, ọ̀gá kékeré, ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin ẹ̀, tafàtafà tó dúró, àti tafàtafà tó kúnlẹ̀. Èyí tó kúnlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ yí po. Ẹ lọ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹ̀ bàtà ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé kòtò kìíní, ẹ má dúró sí iwájú nìkan. Ẹ rìn dé ẹ̀yìn pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lẹ àwọn tó fọ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Yangling, ó wà lọ́nà pápákọ̀ òfurufú. Sàréè ọba Jing ti ìran Han ni, tó kú ní 141 kí wọ́n tó bí Jésù. Àwọn ère tibẹ̀ ò ju bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, wọn ò lápá, wọn ò wọṣọ, torí igi ni wọ́n fi ṣe apá wọn, aṣọ gidi ni wọ́n sì wọ̀ fún wọn, gbogbo ẹ̀ ti jẹrà. Orí gíláàsì lẹ máa rìn, àwọn ère á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, màámi á rí ìsinmi.

Ṣé mùsùlùmí ni wọ́n? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ò ní jẹ́ ìṣòro, àdúgbò àwọn mùsùlùmí wà láàárín ìlú Xi'an gan-an, ẹ wá ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tí wọ́n ń já búrẹ́dì sí. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà níbẹ̀ ò ní òrùlé rìbìtì lórí, bí ilé Ṣáínà àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ.

Alájàpá_Ìlọrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀, Alihamudu lilahi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà síbí.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì la tẹ̀ lé, a wọ kòtò kejì láàárọ̀ kùtù. Akẹ́kọ̀ọ́ yọ̀ǹda ara ẹ̀ tẹ̀ lé wa, Ọlọ́run á jẹ́ kó kàwé já. Bí màámi ṣe rí ẹṣin yẹn nínú gíláàsì, mi ò tíì sọ nǹkankan o, wọ́n ní "Ihò tí èéfín ń gbà rèé." Akẹ́kọ̀ọ́ wò mí, èmi náà wò ó.

Wọ́n wá dé ibi tafàtafà tó kúnlẹ̀. Mo wo aago mi, wọ́n lo ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀. Wọ́n yí i po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n ń wo àtẹ́lẹ̀ bàtà, ẹ wá wo ojú abẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, tótòtótó, ó pọ̀ lápá ìka àti gìgísẹ̀, ó mọ níwọ̀n láàárín. Màámi ní ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé wọ́n máa sin ín, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wo abẹ́ bàtà, ó sì tún ṣe é. Wọn ò sọ nǹkan mìíì fún ìgbà pípẹ́.

Ní kòtò kìíní, àwọn tó tò lọ bẹẹrẹ níwájú, wọ́n wò wọ́n, wọ́n ní wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kán mi lójú kí n mú wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn tí kò lórí, àwọn tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan, àwọn tí wọ́n fi okùn dè kó má ṣubú, wọ́n rí bí amọ̀ ṣe nípọn tó nínú. Wọ́n fi ìka júwe ẹ̀ fún mi pé ibí ni wọ́n ti so ó pọ̀, ibí ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n béèrè àwọn orúkọ yẹn, Akẹ́kọ̀ọ́ wá díẹ̀ lórí fóònù, ó ń pè wọ́n, màámi ń ṣe àmín sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Yangling náà dáa, wọ́n káàánú àwọn tí kò lápá yẹn.

Àǹtí Àdùkẹ́, ìbéèrè wọn ló gbé mi padà wá. Wọ́n ti po amọ̀ sílẹ̀ látàárọ̀ àná, wọ́n ní ẹsẹ̀ èèyàn làwọn fẹ́ mọ, èyí tí kò ṣófo, títí dé orúnkún. Wọ́n ní ìkòkò làwọn mọ̀ bó ṣe ń gbẹ, èyí tó ki báyìí ńkọ́? Wọ́n jókòó tì mí báyìí, wọ́n ń dúró de èsì yín.

Àdùkẹ́_Amọ̀

Ẹ kí wọn púpọ̀ fún mi o! Ẹ ní kí wọ́n po àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n ti gún kúnná mọ́ amọ̀ náà dáadáa, ju ti ìkòkò lọ. Tí wọ́n bá mọ ọ́n tán, kí wọ́n gbé e sábẹ́ òjìji, kí wọ́n fi aṣọ tó lómi bò ó, kí wọ́n máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ìta ẹ̀ má bàa gbẹ tán nígbà tí inú ṣì tutù. Kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò sí i láti abẹ́ lọ sókè. Kí wọ́n má sun ún kó tó lo oṣù kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun ún, kí iná àkọ́kọ́ jẹ́ èéfín lásán fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá là, kí wọ́n má da àfọ́kù ẹ̀ nù, ẹ ya fọ́tò ibi tó ti là wá fún mi.